Màmá Mi Ní Kí Wọ́n Má Ṣílẹ̀kùn

Ẹ má tíì jókòó! Rárá o, àǹtí Ok-ran, mo ní ẹ má tíì jókòó, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn kí n kọ́kọ́ wo ojú yín dáadáa, kí n mọ̀ bóyá ojú tí mo mọ̀ láti ilé ìwé gíga ni ẹ ṣì gbé wá. Ẹ ra jùsì dání. Jùsì píà! Wọ́n ba ti màmá mi jẹ́, wọ́n ba tèmi jẹ́, ẹ wá gbé páálí jùsì lé apá bí ẹni tó wá kí abiyamọ. Ó dáa, ẹ gbé e sílẹ̀ níbi bàtà, kó má wọlé, ẹ̀yin ẹ wọlé, ẹ jókòó sórí tìmùtìmù yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ ò lè gbọ́ ọ lórí ìdúró.

Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ìwé yẹn ni, ó wà nínú báàgì yín, mo rí igun rẹ̀ tó yọrí. Ẹ má fà á yọ. Gi-tae ti kà á sí mi létí lórí fóònù bí ẹni ń ka ìròyìn: pé èmi Yeong-sil ni mo gbàgbé, tí mo fi ọ̀nà ìdánwò sílẹ̀ ní ṣíṣí, pé àìbìkítà tèmi ni, pé kò sí ọ̀gá kankan tó mọ̀ sí i. Kí n fọwọ́ sí i, kó parí. Bẹ́ẹ̀ ni, Gi-tae ni mo pè é! Gi-tae lásán! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pe ọkọ yín ní ọ̀gá, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó mu ọtí níwájú rẹ̀, tí mi ò jẹ́ gbé ṣíbí kí ó tó gbé tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán. Kó lọ wá òmíràn.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní lánàá ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò yé yín, pé gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lọ? Á yé yín. Lónìí yìí, á yé yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò le rárá, irọ́ ni wọ́n fi mú un le.

Ṣé ẹ mọ fíìmù tí à ń gbé jáde ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, aago méjì ọ̀sán? Ọmọbìnrin kan dá wà nílé, bàbá tó ti pa á tì láti kékeré dé, ó ń kan ilẹ̀kùn nínú òjò. Fíìmù á wá bi ẹni tó ń wò ó: kí ọmọ yìí ṣílẹ̀kùn, àbí kó má ṣí i? Ẹ ó tẹ ọ̀kan lórí fóònù yín. Ẹni tó ní kó ṣí i, ìtàn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ní kó má ṣí i, ìtàn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. A ya méjèèjì! Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn òṣèré fi dúró sínú òjò tí a fi páìpù rọ̀, tí ètè bàbá arúgbó yẹn fi dúdú fún òtútù.

Ó dáa. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn ló ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, àǹtí! Bí a bá ní kí a máa fi ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà tí àwòrán ń gbà á dí pa, àwòrán á máa dúró, ohun róbótó kékeré yẹn á máa yí lójú fóònù, ẹni tó ń wò ó á jù ú sórí àga, á lọ se núdù rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é! Mo ní, àwọn tó bá tẹ ohun kan náà, ẹ jẹ́ kí a kó wọn pọ̀, kí a fi ẹyọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, bí ọkọ̀ èrò ṣe ń kó àwọn tó ń lọ síbì kan náà. Ọ̀nà méjì, ọkọ̀ méjì, ó parí. Ṣùgbọ́n kíkó èrò máa ń gba àsìkò díẹ̀, àbí kò gbà á? Mo tún dá ọgbọ́n sí ìyẹn. Kí ìbéèrè tó jáde rárá, a ti fi ìṣẹ́jú àáyá méje tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn méjèèjì pamọ́ sórí fóònù oníkálukú. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, méje yẹn á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti inú fóònù yín gan-an, kí ó tó tán, ẹ̀rọ ti gbé yín sínú ọkọ̀ yín. Ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ wọkọ̀! Ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́ tónítóní? Èmi ni mo rò ó, nínú yàrá kan ṣoṣo yìí, lórí ilẹ̀ tí ẹ jókòó sí yìí.

Ó wá ku ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ń dán an wò, ẹ̀rọ mẹ́ta péré la ní, wọn ò lè gbé ọkọ̀ méjì. Mo wá la ọ̀nà kan fún ìdánwò: ohunkóhun tí o bá tẹ̀, wàá rí ìṣẹ́jú àáyá méje tìrẹ, lẹ́yìn náà, a ó da gbogbo yín sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Fún ìdánwò o! Láàárín àwa mẹ́rin tó wà nídìí ẹ̀rọ! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i fún èrò ìwòran. Òun gan-an ni ọkọ yín ṣí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí fíìmù jáde ló ṣí i, kò sì tì í fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá ní kí ọmọ má ṣílẹ̀kùn, á rí i tí ọmọ kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, á rin ẹsẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, ojú fíìmù á ṣókùnkùn, àrá á sán, kó tó ṣẹ́jú pẹ́, bàbá ti wà nídìí tábìlì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ gbígbóná. Ta ló ṣílẹ̀kùn? Ìwọ ni, ìwọ tó ní kí wọ́n má ṣí i!

Ẹ ní báwo ló ṣe ráyè ṣí i? Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ bi mí dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà tí mo máa ń so mọ́ ọrùn, ẹni tó bá fi í kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yeong-sil ló dé. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, ọkọ yín wá bá mi nídìí tábìlì, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó ní, "Yeong-sil, ṣé kì í ṣe Àìkú yìí ni ìrántí bàbá ẹ? Máa lọ sí Mokpo jàre, lọ bá màmá ẹ gbé oúnjẹ síwájú bàbá ẹ. Gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ fún mi, màá dúró ti ẹ̀rọ." Omi bọ́ lójú mi, àǹtí. Mo ní ọ̀gá wo ló ń rántí ọjọ́ ikú bàbá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Mo dìde dúró, mo yọ ọ́ lọ́rùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo tẹrí ba. Ọwọ́ méjèèjì! Ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin náà, níbo ni àbúrò ti ń bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé "kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ta ló kọ́ wa ní irú ìyẹn nínú ayé wa níbí? Òun náà sì mọ̀ pé mi ò ní béèrè. Ó mọ̀! Ó wo ilé tí mo ti jáde, ó wo bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ó fi í mú mi. Ibẹ̀ ló ti dùn mí dé egungun, ì bá jí i gbé nínú dúrọ́ọ̀ mi, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mokpo tayọ̀tayọ̀, bí òmùgọ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wà ní kíṣìnnì, mò ń fi ìyẹ̀fun bo ẹja tí a fẹ́ gbé síwájú àwòrán bàbá mi. Màmá mi jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú fóònù, ó ti wọ bùláòsì tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, nítorí pé fíìmù ọmọ òun ló fẹ́ wò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Yeong-sil, mo ní kó má ṣí i o." Mo yí ẹja padà nínú ìyẹ̀fun. "Yeong-sil, ó ti ṣí i. Mo ní kó má ṣí i." Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mi ò tilẹ̀ yíjú wò ó! Mo ní, "Màmá, ẹ ti ṣì í tẹ̀." Ó ní, "Bóyá ni."

Bóyá ni! Ẹnu tèmi ló ti jáde, àǹtí. Kí Gi-tae tó ṣe ohunkóhun fún màmá mi, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni ò dáa.

Ẹ̀yin sì mọ obìnrin yẹn. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ilé ta ni ẹ ń bá mi lọ? Ta ló ń bu ìrẹsì kún abọ́ yín kí ẹ tó sọ pé ó ti tó? Obìnrin tó ti ń tún aṣọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn fún ogójì ọdún! Aṣọ ìgbéyàwó yín, ṣé ó fi téèpù wọ̀n yín? Ó ní kí ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó wò yín láti orí dé ẹsẹ̀, ó lọ rán an, ó bá yín mu wẹ́kú. Ìka yẹn ni wọ́n ní ó ṣì í tẹ̀! Ìka tó ń ki òwú sínú abẹ́rẹ́ láìwò ó!

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe eré lójú rẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ gan-an ló sá lọ, tó padà dé nínú òjò nígbà tí màmá mi wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ta ilé mọ́ wọn lórí. Ó ti ń fẹ́ rí ẹnì kan tí kò ní ṣílẹ̀kùn láti ọgọ́ta ọdún ó lé. Ìgbà tí mo sọ fún un pé irú fíìmù báyìí ń bọ̀, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ṣé lóòótọ́, tí mo bá ní kó má ṣí i, kò ní ṣí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ṣe ìlérí fún un!

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí. Ó ní òun wọ gíláàsì òun, òun nu fóònù, òun tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn tún ṣí. Mo ní ẹ ṣì í tẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní àtàǹpàkò lòun fi tẹ̀ ẹ́, nítorí ó tóbi. Mo ní Màmá, mo wà ní ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò pè mọ́, mo sì dúpẹ́ pé kò pè mí! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo dúpẹ́!

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló kọ̀wé sí wa pé àwọn tẹ ìhín, ọ̀hún ló jáde. Ta ló kọ èsì sí wọn? Ọkọ yín ní, "Yeong-sil, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí jù, bá wa kọ ọ̀rọ̀ tútù sí wọn." Mo kọ ọ̀rọ̀ tútù. "Ẹ jọ̀wọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣì í tẹ̀." Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni mo sọ fún pé ìka wọn ò mọ̀nà, nítorí pé mo gba iṣẹ́ mi gbọ́, mo sì gba Gi-tae gbọ́ ju iṣẹ́ mi lọ. Ṣìọ̀! Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ìyá Du-ri ló pè mí níkẹyìn, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní, "Yeong-sil, ṣé o mọ̀ pé màmá ẹ ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀?" Mo ní fún kí ni? Ó ní ó ti dá aṣọ àwọn oníbàárà padà láìrán, ó ní òun ò fẹ́ gé aṣọ aláṣọ dànù, pé orí òun ò pé mọ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n màmá mi, àrùn ìgbàgbé ló pa á, nígbà tó máa fi kú kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ohun tí màmá mi rò nìyẹn! Òun nìkan dìde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ sí ibi tí ìjọba ti ń yẹ orí àwọn àgbàlagbà wò. Wọ́n ní kó ya aago, ó ya aago. Wọ́n ní kó ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn, ó kà á. Wọ́n ní Màmá, kò sí ohun tó ṣe yín. Ó délé, ó sọ fún Ìyá Du-ri pé àwọn ọmọ tó yẹ òun wò yẹn ń ṣàánú òun ni, pé ìka òun ń tẹ ohun tí orí òun ò rán an, pé òun fi ojú ara òun rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ojú ara rẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó tán nílẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ kí ẹ wò ó.

Mo sáré lọ. Àìkú kẹfà, mo jókòó tì í, aago méjì lù, mo ní Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú mi. Kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ "má ṣí i", èmi ni mo rí i, ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ọmọ kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, àrá sán, bàbá wà nídìí tábìlì. Màmá mi kò tiẹ̀ wo fóònù mọ́, ojú mi ló ń wò. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ta ni kò ní mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀? Ọ̀nà ìdánwò mi nìyẹn, tí mo fi ọwọ́ ara mi là.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì, mo tú ìwé ẹ̀rọ wò, orúkọ ta ni mo bá níbẹ̀? Tèmi! "Yeong-sil ṣí i." Mo wọlé tọ ọkọ yín, mo rò pé á bẹ̀ mí, á ní ó ṣèèṣì. Ó ń mu kọfí! Ó ní, "Jókòó. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré ló ń ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn, kí nìdí tí a ó fi gbé odindi ọkọ̀ fún wọn lójú ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó fẹ́ ra iṣẹ́ wa? Tí ẹ̀rọ bá dákú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?" Mo ní àwọn ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Yeong-sil, ohun tí ènìyàn ń fẹ́ ni kí a bi òun; bí a bá ti bi í tán, ó parí. Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀! Ẹni tí a jọ wólẹ̀ níwájú orí ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi rúbọ lọ́jọ́ tí a ṣí ọ́fíìsì ní Pangyo, tí a jọ bẹ ọ̀run pé kí iṣẹ́ wa má dójú ti ẹnikẹ́ni! Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, tí kò tíì dá padà láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, lórí tábìlì rẹ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi gbà á.

Ẹ tún fẹ́ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín? Àìkú tó kọjá yìí, ìjẹta, mo ti ọ̀nà ìdánwò pa. Èmi gan-an. Mo gbé ẹ̀rọ mi dé Mokpo, mo tì í láti ilé màmá mi, mo sì fojú sórí àwọn ẹ̀rọ ńlá wa pé kí n wo èyí tó máa kọ́kọ́ dákú. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn, ọ̀nà méjì, ọkọ̀ méjì. Àǹtí, kò sí èyí tó dákú! Wọn ò tilẹ̀ gbóná! Gbogbo irọ́ yẹn, gbogbo ìtìjú yẹn, kò nídìí rárá, iṣẹ́ mi gbé e, ì bá ti gbé e láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ yín kò dán an wò rí! Ọdún mọ́kànlá ló fi ń pè mí ní ọwọ́ ọ̀tún òun, kò sì gbà mí gbọ́ fún ọ̀sán kan ṣoṣo.

Màmá mi ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, kò sì ṣí i. Bàbá kàn án títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó lọ nínú òjò. Ọmọ jókòó sílẹ̀, ó jẹ ìrẹsì rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ rí i? Ọwọ́ yín dáa! Wọ́n tan yín jẹ ni!" Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, bí ẹni ń pa ọmọ kékeré lórí, ó ní, "Ìwọ lo ni ẹ̀rọ. O ṣe é báyìí kí inú mi lè dùn. O ṣeun, ọmọ mi."

O ṣeun! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó rò pé mò ń parọ́ fún òun nítorí àánú, kí ló sì fẹ́ rò, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu mi yìí náà ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ṣì í tẹ̀? Aṣọ ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Ó ti ní kí Ìyá Du-ri bá òun wá ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má sunkún sí mi lára. Ẹ nu ojú yín. Ẹ ní kí ni? Ẹ ní èèyàn àádọ́ta ló ń jẹun nílé iṣẹ́ yẹn, pé ọmọ yín ń múra ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, pé inú yín ò dùn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ sọ fún un nígbà náà pé kó tètè tì í...

Ẹ dúró. Ẹ tún un sọ.

Ìgbà náà, ìgbà wo? Àǹtí Ok-ran, mo ní ìgbà wo? Ẹ wọlé báyìí, ẹ ní lánàá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ ní ẹ̀rọ ò yé yín. Kí lẹ ní kó tètè tì? Ẹ mọ̀! Yéè, ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Nígbà tí mo pè yín lọ́sẹ̀ kẹta tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí mo ní màmá mi ń yọ mí lẹ́nu pé fóònù ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, ẹ mọ̀ nígbà yẹn! Ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ ní àwọn ìyá wa ti ń dàgbà. Obìnrin tó bu ìrẹsì fún yín! Ọ̀run gbọ́ o! Mo rò pé ẹnì kan ló dà mí, àṣé tọkọtaya ni.

Rárá, ẹ má dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ìkúnlẹ̀ yín ò wúlò fún mi. Ẹ mú ìwé yẹn jáde báyìí. Ẹ mú un jáde! Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kí n rí i. Ṣé ibi tí mo máa kọ orúkọ sí nìyí? Ó dáa. Ẹ fetí sílẹ̀, màá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni! Kí gbogbo Pangyo máa pè mí ní aláìbìkítà, kí n má rí iṣẹ́ mọ́, kí ọkọ yín máa wọ súùtù rẹ̀ káàkiri, màá fọwọ́ sí i, mo fi bàbá mi tó wà nílẹ̀ búra. Àmọ́ ohun kan wà tó máa ṣe kí yíǹkì mi tó kan bébà yẹn.

Ẹ pè é. Báyìí, lójú mi. Ẹ sọ fún un pé kó wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ lọ́la, kó lọ sí Mokpo, ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ lé e, ẹ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Kó má ra nǹkan kan dání. Kó má sọ pé èmi ni mo rán an, torí bó bá gbọ́ orúkọ mi, á ní àánú ni. Kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó jókòó níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n da aṣọ bò yẹn, kó wo màmá mi lójú, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó máa sọ ọ́ títí obìnrin yẹn á fi gbà á gbọ́: "Màmá, ẹ ò ṣì í tẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo ṣí i."